Òkúta Tí Birikilà Gbé Sókè

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Birikilà. Nínú gbogbo ògiri tó mọ láyé ẹ̀, kò sí èyí tó wó. Ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, títí kan dókítà tó ń yẹ orúnkún ẹ̀ wò. Èmi ni mo po sìmẹ́ǹtì fún un fún ọdún méjìlélógún, mo lè jẹ́rìí sí i. Mi ò kàwé púpọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ògiri yẹn ló ń bà á lẹ́rù. Ògiri orúkọ ni, ti àwọn tó bógun lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn la mọ ọ́n. Ìlà mẹ́wàá ni, òkúta pẹlẹbẹ kan fún òkú kan. Wọ́n gbẹ́ orúkọ wọnú òkúta débi pé ìka lè tọ̀ ọ́. Wọ́n fún wa ní ìwé tó sọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan máa wà. Àbúrò ìyàwó Birikilà wà nínú wọn. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kú. Ìwé ní kó wà ní ìlà kejì láti ìsàlẹ̀.

Birikilà wo ìwé, ó wo òkúta. Ó ní, "Àna mi? Níbi tí ajá á ti máa tọ̀ sí i lára?"

Ó gbé e sí ìlà òkè pátápátá, ó gbé tòkè wá sísàlẹ̀. Èmi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́. A fi sìmẹ́ǹtì dè é, a pa ẹnu mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ ò lọ síbẹ̀ rí. Ó ní òun ò lè máa lọ kí òkúta. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Birikilà nínú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Lọ́dún yìí, ojú ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Dókítà ní tòsì ti tán, tọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan ó yọ ìwé tí ìjọba kọ sí i nígbà náà jáde nínú àpótí, èyí tó sọ ibi tí òkúta àbúrò ẹ̀ wà.

"Ẹ mú mi lọ. Mo fẹ́ fọwọ́ kan orúkọ ẹ̀ kí ojú mi tó di."

Birikilà ní òjò máa rọ̀. Oòrùn ń ràn. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ìyàwó ní kó fi orúnkún sílé. Ló bá wá bá mi.

"Bá wa lọ. Tó bá dàrú, wàá ní ìwọ lo ṣe é."

Mo ní mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá wọn lọ.

Ọkùnrin oníkóòtù kan ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa àlàáfíà. Ó ní àlàáfíà jẹ́ ẹyẹ. Ó ní ó jẹ́ odò. Ó ní ó jẹ́ àtùpà. Mo ń retí kó mú ẹyọ kan níbẹ̀ kó sì jókòó. Kò jókòó.

Ìyàwó Birikilà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ògiri. Ó ka òkúta ìlà kejì láti apá ọ̀tún bí ìwé ṣe wí, ó fi ìka tọ orúkọ. Ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Èyí gùn jù. Orúkọ àbúrò mi ò gùn tó báyìí."

Ó wá a sọ́tùn-ún, ó wá a sósì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wọ́n gbàgbé ẹ̀," ó ní. "Wọ́n mú un lọ, wọn ò tiẹ̀ rántí kọ orúkọ ẹ̀." Ó ń sunkún, kò pariwo.

Birikilà wò mí. Èmi wo oníkóòtù. Ká ní Birikilà di ẹ̀bi ru ìjọba, ta ló máa jiyàn? Mo rí i tó rò ó. Ó rò ó dáadáa.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ó wà níbí."

"Níbo?"

"Lókè."

"Òkè ibo?"

"Òkè pátápátá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo ní kó lè máa rí ìta."

"Kí ló fẹ́ wò níta?" Ó dìde. Àádọ́ta ọdún ló ti ń pe ọkọ ẹ̀ ní ẹ̀yin. Ọjọ́ yẹn ó di ìwọ. "Ìwọ yìí! O mọ̀ pé kúkúrú ni mí! Ìgbà tí o fẹ́ mi, ṣé mo ga?"

Oníkóòtù dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀.

Olùṣọ́ ibẹ̀, ọkùnrin onírunmú ńlá kan, ti sún mọ́ wa. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ìdílé kan ń gbé àkàbà wá síbí lọ́dọọdún. Ìwé tiwọn ní òkè ni bàbá wọn wà. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á bá orúkọ ẹlòmíì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá bú mi."

"Àkàbà náà dà?" Birikilà ló bèèrè.

"Ó wà lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Ó ti sú wọn láti máa gbé e lọ gbé e bọ̀."

A gbé e wá. Birikilà mì ín, ó ní ẹsẹ̀ kan ò jókòó. Ó ní kí n bọ́ bàtà mi kan, ó fi há a.

"Tiyín ńkọ́?" mo ní.

"Tèmi ṣì tuntun."

Èmi di apá kan mú, olùṣọ́ di èkejì. Birikilà dúró lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gba bíríkì. Ìyàwó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin. Ó wá a, ó rí i. Ó tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀.

"Òun ni," ó ní. Lẹ́yìn náà ó sọ fún òkúta pé, "Àbúrò mi, má bínú. Irú ọkọ tí mo fẹ́ nìyí."

"Ṣé o ti ń sọ̀?" ni Birikilà wí.

"Dúró jẹ́ẹ́. Mi ò tíì ṣe tán."

A dúró. Ilẹ̀ tutù lẹ́sẹ̀ mi.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Birikilà ní kí olùṣọ́ bá òun sọ fún ìdílé yẹn pé ìlà kejì nísàlẹ̀ ni bàbá wọn wà. Olùṣọ́ ní kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Orúnkún tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Birikilà. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Ó máa wá. Èmi ni màá mú un wá."

Oníkóòtù bi mí bóyá mo ní nǹkan sọ nípa àlàáfíà. Mo ní bàtà mi ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n mo rò ó lọ́nà. Ká ní ogun yẹn ò jà, ọmọ yẹn ì bá ti darúgbó báyìí. Bóyá òun náà ì bá wà níbì kan, kó máa bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ di àkàbà mú. Ohun tí mo mọ̀ nípa àlàáfíà nìyẹn.

Ìyàwó Birikilà se ìrẹsì nílé. Nítorí ojú ẹ̀, ó jóná díẹ̀. Ó bu tòkè fún mi, ó bu tòkè fún ara ẹ̀. Ó wá fi síbí ha ìdí ìkòkò.

"Ẹni tó fẹ́ràn òkè," ó ní, "jẹ́ kó mọ bí ìsàlẹ̀ ṣe rí."

Èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò ni Birikilà jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jẹ ẹ́ tán.