Aṣọ Ìyá Mi àti Iṣẹ́ Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pa, mi ò sunkún. Iṣẹ́ mi ni pé kí n dúró níbi tí àńkárá ti ń jáde láti inú ẹ̀rọ, kí n máa wo àwọ̀ rẹ̀, kí n sì dá èyí tí kò bá dára padà. Ó ti pẹ́ tí aṣọ tó ń jáde ti ń dín kù. Wọ́n ń wo bátànì wa ní Ṣáínà, wọ́n ń tẹ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n sì ń kó o wọ Àkúrá, olú ìlú Gánà, ní ọ̀pọ̀ tí ọ̀gá wa kò lè bá wọn dù ú. Nígbà tí ọ̀gá pè wá jọ sí àgbàlá, gbogbo wa la ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mí. Ìyá mi ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Tudu, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ tróótró ti ń kó èrò. Aṣọ ilé iṣẹ́ wa ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, aṣọ Ṣáínà ló kún ibẹ̀ dé òkè àjà. Mo délé wa ní Lagos Town, àdúgbò kan ní Àkúrá, lọ́jọ́ náà, mo bá a níbi tó ti ń ká ọjà rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́.

“Màmá, aṣọ yín yìí ló lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Bí mi ò bá tà á, ẹni tó wà nísọ̀ kejì á tà á. Kí la ó wá jẹ?”

Láti ìgbà náà, ó kàn ń gbé oúnjẹ síwájú mi ni, á ní, “Jẹun,” á sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí rédíò fi sọ pé ìjọba fẹ́ ran àwọn tí ọjà òkèèrè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́ wa níṣẹ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fún wa ní irinṣẹ́. Inú mi dùn, àmọ́ ojú ìyá mi yí padà.

“Má lọ o. Ìjọba tó bá ń kọ orúkọ èèyàn, ó ní nǹkan tó ń wá.”

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ìjọba ayé ìgbà náà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó kúrò ní Gánà. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Nàìjíríà, ìlú tí kò dé rí. Ọdún gorí ọdún kó tó padà wá.

“Wọ́n á bi ọ́ pé níbo ni ìlú baba rẹ,” ó ní.

“Ibí ni wọ́n bí mi sí, Màmá.”

“Ibí náà ni wọ́n bí èmi sí.”

Mo ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, títí mo fi gbọ́ pé wọn ò ní pẹ́ dá ìforúkọsílẹ̀ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, bí mo ṣe wọṣọ tán, mo rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wé gèlè, ó ti gbé báàgì.

“Bí wọ́n bá máa lé ọ, kí wọ́n lé wa pọ̀,” ó ní.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ kún fún àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì bi mí lédè Twi pé níbo ni mo ti wá. Kí n tó lanu, ìyá mi ti fi Twi dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì dé ìta, “Anago ni wá!”

Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Gánà. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

“Ẹ má bínú, Màmá, ilé iṣẹ́ tó ti wá ni mò ń béèrè.”

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Tiwa ni! Òun ló máa ń dá aṣọ wa padà!” Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún ìyá mi, ó ní, “Maame, tena ase.” Ìyá mi jókòó gbì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀.

Aṣọ ti sú mi í wò, torí náà mi ò yan iṣẹ́ ìránṣọ. Títún fírííjì ṣe ni mo yàn. Ìyá mi ní, “Obìnrin?” ṣùgbọ́n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná jó mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń jó páìpù pọ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí sì pẹ́ kó tó dé. Àmọ́ ó dé.

Ìyá mi ló bá mi wá oníbàárà àkọ́kọ́, obìnrin kan tó ń ta ohun mímu sobolo tútù ní Mamobi. Fírííjì rẹ̀ ti kú, ọjà rẹ̀ sì ń kan. Mo tú u, mo tún un ṣe, èmi àti obìnrin náà jókòó tì í, à ń dúró kó tutù. Nígbà tó yá, obìnrin náà ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fà á yọ kíá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó tutù nini. Mo mí kanlẹ̀.