Báàgì Kánfáàsì àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni ilẹ̀kùn kejì. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ń wá a. Mo ti rí wọn.

Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù, oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sì máa ń pẹ́ kó tó yọjú sílé. Ilé ìyá rẹ̀ ni à ń gbé. Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, aṣọ ló ń tà ní Ọjà Balógun. Ọmọ méjì ni mo bí: obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, àti ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjì. Èyí obìnrin ní ikọ́ fée. Bí wọ́n bá dá iná igi ní ilé kẹta sí tiwa, àyà ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọkọ mi wálé kẹ́yìn, ó sọ fún wa pé nínú ọkọ̀ àwọn, wọ́n á kàn lu agogo lójijì, kálukú á sì sáré lọ síbi ọkọ̀ kékeré tí wọ́n yàn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu kankan kò sí. Ìdánrawò ni. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń lò. Ó ní márùn-ún. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa láti òpin kan dé èkejì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó sì há. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínláàádọ́ta ní gígùn, mẹ́rin péré ní fífẹ̀. Yàrá wa ló wà ní ìparí rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló lọ sí ojú títì. Ibi tí a ti ń dáná, tí a sì ti ń wẹ̀, jẹ́ àgbàlá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ògiri àwọn ilé mìíràn yí i ká bí ògiri kànga, èéfín tó bá sì wọ ibẹ̀ kì í mọ ọ̀nà àtijáde. Ilẹ̀kùn kejì wà lóòótọ́, nínú sítọ́ọ̀ Àlájà tó kọjú sí yàrá wa. Ó ṣí sí ọ̀nà tóóró kan tó lọ sí ìhà ọ̀sà. Ṣùgbọ́n olè ti gba ibẹ̀ wọlé rí, láti ìgbà náà ni Àlájà ti tì í pa, tó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí, tó sì to ìdì aṣọ tì í títí dé àjà.

Mo kọ́kọ́ ṣe èyí tí agbára mi ká. Ọkọ mi ti fi báàgì kánfáàsì kan sílẹ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ òkun máa ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń fi okùn fún lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di í. Inú mi ń dùn bí ìgbà tí mò ń ra ẹrù ọmọ ṣáájú ìkúnlẹ̀. Oògùn ọmọ mi ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, hóró méjìlá nínú ìgò tí mo fi owú dí. Lẹ́yìn náà ni ìgò omi méjì, tọ́ọ̀ṣì, bátìrì mẹ́rin tí mo fi ọ̀rá wé, aṣọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó wa, gààrí kóńgò kan pẹ̀lú ṣúgà. Nígbà tí mo gbé e pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, n kò lè rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo da gààrí padà sínú agolo rẹ̀, mo fi ṣúgà sílẹ̀ nínú báàgì. Mo tún gbé e. Ó ti dára.

Obìnrin aránṣọ kan háyà yàrá iwájú lọ́wọ́ Àlájà. Ó rí báàgì náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

"Hẹ̀n, ìyàwó wa," ni ó wí, ó pàtẹ́wọ́, "ẹrù ti dì! Ọkọ ò sí nílé, ẹrù ti dì! Ta ni ká fi bẹ̀ ọ́?"

"Àǹtí, báàgì iná ni."

"Iná wo? Iná ìfẹ́?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dé ojú títì. Mo fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo pọn àbúrò, mo gbé báàgì kọ́, mo di ọwọ́ àkọ́bí mi mú, mo sì fọn fèrè tí mo rà. A sáré. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, bàtà rẹ̀ ń dún pà-pà-pà. Nígbà tí a fi dé ilẹ̀kùn iwájú, a kò lè jáde, nítorí pé àwọn ènìyàn ń wọlé. Wọ́n ti gbọ́ fèrè, wọ́n ti rí wa tí à ń sáré. Ọkùnrin méje tàbí mẹ́jọ, àwọn kan gbé garawa omi, àwọn kan gbé yanrìn nínú agbada.

"Iná dà? Iná dà?"

"Kò síná! Ẹ dúró!"

Ẹni tó ṣáájú kò dúró. Ó da garawa omi kan gbáko sórí èmi àti báàgì. Ẹni tó tẹ̀ lé e da yanrìn sí i.

Nígbà tí mo ti nu ojú tán, mo ṣàlàyé pé mo kàn fẹ́ mọ bí a ṣe lè tètè sá jáde ni. Bàbá kan tó ń gbé òdìkejì títì wò mí láti òkè délẹ̀. "Sá jáde? Bí gbogbo wa bá sá jáde, ìyàwó, ta ni yóò wá pa iná ọ̀hún?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá," ni aránṣọ wí. "Ó fẹ́ lọ bá ọkọ ẹ̀ lójú òkun ni. Omi tí ẹ dà sí i yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá gbọ́ "Iná!" kì í sá lọ, ńṣe ló ń sáré bọ̀. Ìwà rere ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ń bọ̀ wá gbà wá là ni yóò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fọ́fọ́, ọmọ mi á sì wà lẹ́yìn wọn, nínú èéfín, pẹ̀lú àyà yẹn. Àfi kí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ṣí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ níwájú Àlájà, mo sì bẹ̀ ẹ́.

"Ilẹ̀kùn yẹn?" ni ó wí. "Olè ló ń dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀. Ìyàwó, o ka ìwé jù." Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu tọ́ka sí báàgì mi tó ń gbẹ lóòrùn. "Kí lo tilẹ̀ kó síbẹ̀?"

Mo tú u síwájú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ń wò. Nígbà tí ó tán, ó ní, "Tèmi dà?"

"Ẹ má bínú, Àlájà. Kí ni kí n kó sí i fún yín?"

Kò rò ó rárá. "Aṣọ tí mo rà ní Mẹ́kà."

Gbogbo wa mọ aṣọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí i rí. Aṣọ funfun ni, èyí tí wọn yóò fi sin ín. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á nígbà tó lọ sí Háàjì, ó rì í sínú omi Samusamu, omi mímọ́ tó wà ní Mẹ́kà, ó sá a gbẹ, ó ká a, ó sì gbé e wálé. Inú àpótí irin rẹ̀ ló wà, àpótí náà sì wà nínú sítọ́ọ̀, lábẹ́ ìdì aṣọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ mú un," ni mo wí. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi fún àkọ́bí mi, mo ní kó máa wò ó.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdì aṣọ. Mo gbé, Àlájà náà gbé. Aránṣọ wá wo wa, òun náà sì bá wa gbé e. Ìdì mẹ́tàlélógún. Eruku bo gbogbo wa, ọmọ mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán nítorí àyà rẹ̀, ó ń kígbe: "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ìyá àgbà, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún!" Nígbà tí ọwọ́ Àlájà fi kan àpótí irin náà, ọmọ náà kígbe pé, "Mọ́kànlélógójì!"

Àlájà jókòó sórí ìdì aṣọ kan. Òógùn ń kán ní imú rẹ̀.

"Mọ́kànlélógójì," ni ó wí. "Iná á ti jẹ mí tán, á ti nu ẹnu, á ti lọ sílé ẹlòmíràn."

Ó tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí. Ilẹ̀kùn náà kọ̀, aránṣọ fi ìdí tì í, ó ṣí gbàgà. Atẹ́gùn ọ̀sà wọlé lù wá! Mo lè gbóòórùn omi iyọ̀. Ọmọ mi sáré wọ inú ìmọ́lẹ̀ náà, ó mí kanlẹ̀, mo sì rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdì aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ti wà nínú yàrá Àlájà. A so irin ìdábùú mọ́ ilẹ̀kùn láti inú, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje tó.

Láti ọjọ́ náà, Àlájà gba ìdánrawò náà lọ́wọ́ mi. Òun ló ń fọn fèrè. Ó lè fọn ọ́n nígbà tí mo bá ń bó iṣu. "Ẹ ti kú! Ẹ ti jóná!" ni yóò máa kígbe bí a bá pẹ́. A lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, a lo méjì àti ààbọ̀, a wá lo ìṣẹ́jú kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ tí Àlájà kì í lọ sọ́jà. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo yí sí òpópónà wa ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, mo sì rí èéfín dúdú tó ń tú jáde ní ilẹ̀kùn iwájú wa. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ti ṣubú sórí àjákù aṣọ nínú yàrá aránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ wà lójú títì, ó ká ọwọ́ lérí. Garawa ń wọlé, garawa ń jáde. Bí mo ti rò ó gan-an ló rí, èjìká kan èjìká, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn kọjá.

"Àwọn ọmọ mi wà nínú ilé!"

"Ìyàwó, ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́ ṣe!"

Mo yí padà, mo sáré. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé kẹta, mo fo gọ́tà, bàtà mi kan kù síbẹ̀. Bí mo ṣe wọ ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé, mo gbọ́ fèrè. Ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ṣí gbàgà níwájú mi. Àlájà ló jáde, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, ọmọkùnrin mi wà lẹ́yìn rẹ̀, báàgì kánfáàsì wà ní ọwọ́ òsì, ọwọ́ àkọ́bí mi wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Kò dúró nígbà tó rí mi. Ó rìn kọjá lára mi títí dé ògiri ọ̀sà níbi tí a máa ń dúró sí, kó tó yọ fèrè lẹ́nu.

Àyà ọmọ mi ti ń fọn díẹ̀. Mo fún un ní oògùn pẹ̀lú omi. Mo fi ọwọ́ lé e láyà, mo ń ka èémí rẹ̀, títí tí ohùn inú rẹ̀ fi rọlẹ̀, tó sì béèrè fún ṣúgà.

"Ìṣẹ́jú mélòó?" ni Àlájà bi mí. Ojú rẹ̀ ń tàn.

Mo wo ọwọ́ mi. "N ò wo aago, Àlájà."

"O ò wo kí ni? Ìwọ tí o fi aago dá wa lágara láti ọjọ́ yìí! Èyí tó jẹ́ òótọ́ gan-an ni o ò wò!"

Ìgbà náà ni mo rí i pé aṣọ funfun rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìdánrawò, àpò kékeré tó fi aṣọ náà sí ló máa ń gbé, èmi ni mo máa ń gbé báàgì. Mo bi í pé ibo ni aṣọ Mẹ́kà wà.

"Orí ibùsùn," ni ó wí. "Ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún mi."

Àwọn elégarawa pa iná náà. Yàrá aránṣọ nìkan ló jó, òun pẹ̀lú wa sì pín yàrá títí Iléyá fi kọjá. Aṣọ funfun náà kò jóná, ṣùgbọ́n èéfín ti wọ̀ ọ́ lára. Àlájà kò gbà kí a fọ̀ ọ́, nítorí omi Samusamu. Ó ta okùn sí ẹnu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, ó sì sá a sínú atẹ́gùn ọ̀sà.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fi imú kàn án. Mo sọ fún un pé òórùn náà ti ń lọ, bóyá kí n ká a padà sínú àpótí.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni ó wí. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ dáadáa. Èmi ò kánjú."