Ohùn Orivaldo Lójú Odò

Àbúrò mi ni Orivaldo. Èmi Izolda ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá kọ́ mi bó ṣe rí. Aláriwo ni. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló ní, ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì mọ́ òrùlé rẹ̀, òun ló sì ń kéde gbogbo nǹkan fún àwa ará etí odò: àjọ̀dún, òkú, ẹlẹ́dẹ̀ tó sọnù. Ó máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kí ọ̀fun rẹ̀ lè sinmi. "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará etí odò!" A máa ń gbọ́ ọ kí a tó rí i.

Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Bátìrì méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà níwájú ló ń jí ẹ́ńjìnnì, èyí tó wà nínú àpótí lẹ́yìn ló ń gbé ohùn. "Orin ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ẹ́ńjìnnì," ló máa ń wí. Deusarina ìyàwó rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "A ti gbọ́ o, bàbá oníbátìrì!"

Ọjọ́ òjò ńlá kan ni àwọn apẹja rí ọkọ̀ náà tó ń léfòó lófo. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, okùn iwájú rẹ̀ náà ti já lọ. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ń kí wa, ó ń pè wá sí àjọ̀dún, ó ń ṣe àwàdà, títí bátìrì ẹ̀yìn fi kú pátápátá. Mo mọ̀ pé ó ti lọ.

A ṣe bí a ṣe máa ń ṣe bí omi bá gbé èèyàn. A tan àbẹ́là sínú igbá, a gbé e lé omi. Ibi tí igbá bá dúró sí, ibẹ̀ ni òkú wà. Afẹ́fẹ́ pa gbogbo àbẹ́là wa. Ọjọ́ Àwọn Òkú sì ń sún mọ́lé, ọjọ́ tí olúkúlùkù máa ń tan iná sórí sàréè èèyàn rẹ̀, tí yóò jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lèmi máa jókòó sí?" Deusarina bi mí. "Ẹ sọ fún mi, níbo?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ lè pa àbẹ́là, kò lè pa ohùn. Tó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á dáhùn."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Ṣùgbọ́n mo bọ́ sínú ọkọ̀. A ti rìn jìnnà kí n tó rí ibi tí wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń bọ̀.

"Deusarina! Bátìrì ẹ́ńjìnnì lo so ó mọ́?"

"Tẹ̀yìn ti kú, ẹ̀gbọ́n."

"Èyí náà á kú! Ṣé o fẹ́ kí omi gbé àwa náà lọ ni?"

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pa ẹ́ńjìnnì kí a lè gbọ́ràn dáadáa, ó tan kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn àbúrò mi gba gbogbo odò kan. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. A tẹ́tí títí, kò sí ìdáhùn. Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń falẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. "Ẹ kúuu... léee..." Ó dákẹ́.

Deusarina yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ò dáhùn.

"Ó tán àbí? Ṣebí ọkọ ẹ sọ fún ẹ!" Mo ń pariwo, ẹ̀rù ló ń bà mí. Omi ń fà lọ sókun, ó yí wa sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tì wá wọ inú odò kékeré kan tí gbòǹgbò igi ta sínú omi lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wúkọ́. Bí Orivaldo ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀ ni.

Mo sáré síwájú, mo fa wáyà tu kúrò lára bátìrì. Ó wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó.

"Deusarina, gba okùn," ni ohùn Orivaldo wí láti inú ẹ̀rọ náà.

Kò sí èyí nínú kásẹ́ẹ̀tì kankan. Ohun tó máa ń sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gúnlẹ̀. Kò kéde rẹ̀, ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀.

Deusarina dìde. Ó tẹ̀ síta, ó na ọwọ́ sí àárín gbòǹgbò, ó sì di okùn kan mú, okùn ọkọ̀ wa tó já. Ó fà á. Nǹkan kan wúwo ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Mo ti gbà á," ó wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo ti gbà á, ọkọ mi. Sinmi."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Àwọn apẹja ló wá fà wá jáde, àwa àti òkú àbúrò mi.

Ní Ọjọ́ Àwọn Òkú, Deusarina jókòó ti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú gàrí àti edé. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá, gbogbo àbẹ́là rẹ̀ ló jó tán.

Òun ló ń kéde fún wa báyìí, ó sì ti ra bátìrì tuntun sẹ́yìn. Bó bá ti ń gúnlẹ̀, á pè mí láti inú ẹ̀rọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba okùn!" Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, bóyá òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀, kí n tó na ọwọ́.