Àwo tí Táńtì Eulalie ń bò

Àbúrò màmá mi ni Táńtì Eulalie, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé; aránṣọ ni, ní àdúgbò Dowa, ní Dahomey. Kò sọ́mọ ilé-ìwé ládùúgbò wa tí kò wọ kákí tó rán. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá bu oúnjẹ ọ̀sán, ẹnu yẹn á pa dé: á bu ti Gabriel ọkọ rẹ̀, á fi àwo míì bò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tílẹ̀ bá ṣú, á dà á fún ajá. Ajá o! Èmi tébi ń pa, mo kàn ń wo ẹran náà bí ẹni ń wo sinimá.

Lọ́dún 1972, lóṣù táwọn ológun gbàjọba, Gabriel wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń lọ Èkó. Ọkọ̀ dojú dé lórí ọ̀sà. Wọ́n rí òkú àwọn yòókù, wọn ò rí tiẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ ní ká ṣe mísà òkú. Táńtì kọ̀.

"Òkú ta ni? Ẹ gbé e wá kí n rí i."

Ọdún tí wọ́n yí orúkọ ìlú padà kúrò ní Dahomey, tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn ní kamaráàdì, ni Victoire tó ń ta aṣọ sáré dé láti Adjarra nítòsí wa. Ó ní òun rí Gabriel lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

"Má lọ o, Eulalie. Àkúdàáyà ni. Tó o bá fojú kàn án pẹ́nrẹ́n, á pòórá."

Táńtì ò lọ. Tí kò bá ti wò ó, ó ṣì wà láàyè nìyẹn. Ẹ má pè é lómùgọ̀ o, ẹ rò ó dáadáa ná.

Lọ́jọ́ kan, Mùsíọ̀ Ambroise, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìkì ní lísè, ilé-ìwé girama wa, wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Èmi ni mo fọ̀rọ̀ tọ́ ọ.

"Kamaráàdì, wọ́n ní ẹ̀ ń sọ fáwọn ọmọ pé ayé ju ẹyọ kan lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan tíntìntín tó para pọ̀ di gbogbo nǹkan, tó bá dé oríta, ìṣirò ní ọ̀nà méjèèjì ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n tá a bá wò ó, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo la ti ń bá a. Ìkejì ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kan ní ayé ló pín sí méjì, àwa míì wà lọ́hùn-ún tó rí i lójú ọ̀nà kejì.

"A ò lè débẹ̀," ló wí, "a ò sì lè ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó rí i."

Táńtì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Nínú ọ̀kan, ọkọ̀ ò dojú dé?"

"Bóyá, Màdáàmù."

"Tí mo bá lọ wò ó, ṣé ojú mi ló máa pa á?"

Ambroise ká ṣòkòtò náà, ó tún tú u. "Rárá. Bí àwọn yẹn ṣe sọ ọ́, ojú kì í pa nǹkan. Ó kàn máa sọ fún yín inú ayé èwo lẹ wà ni."

Lọ́jọ́ ọjà Adjarra, Táńtì ní kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé òun. Ọkùnrin náà rèé, ó tẹ̀ mọ́ táyà, ó kẹ̀yìn sí wa. Ọrùn, èjìká, Gabriel gan-an! Èmi tí mò ń fi Mùsíọ̀ Ambroise ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo dúró sí. Táńtì rìn bá a tààrà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọkùnrin náà yíjú. Kò pòórá. Ẹlòmíì ni, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó ní táyà wa ti rọ̀. Táńtì ní kó fún un ní afẹ́fẹ́, ó sì dúró tì í títí ó fi ṣe é tán, ó ń wo èjìká rẹ̀.

Nílé, ó bu oúnjẹ, ó bu ti Gabriel. Kò bò ó. Ó tì í síwájú mi.

"Jẹ ẹ́. Nínú ayé tiwa yìí, kò ní wá jẹ ẹ́ mọ́."

Ẹran tí mo ti ń wò látọjọ́ yìí! Mo gé e jẹ díẹ̀, mo dá a padà sáwo.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù," ló wí. "Tó o bá jẹ tán, bá mi lọ rí àlùfáà nítorí mísà yẹn."