Ẹní Ìyá Àgbà

Òórùn ẹní tuntun dá mi dúró lọ́jà Òkè-Àgbò lánàá. Irú rẹ̀ ni ìyá àgbà tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ti ga jù, dùbúlẹ̀ sí.

“Ẹnìkan ló gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọmọ yìí tí kò fi ga. Gbogbo yín, ẹ gbẹ́sẹ̀ padà!”

A tò, à ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé mo ti ń ga?”

“Ẹ ti ń ga, Àǹtí.”

Kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí, ni kò tú oje tó ń mú ọmọ ga sílẹ̀ tó.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣaláìsí, síbẹ̀ mo ra ẹní náà. Mo tẹ́ ẹ sílé, mo bọ́ bàtà, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.