Ìlasa Dé Lọ́ńdọ̀nù

"Tàjù, ìlasa ti dé Lọ́ńdọ̀nù o!" Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi Mùnírátù bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, kí àìsàn tó mú un lọ.

Ọmọọ̀dọ̀ ló ń ṣe nínú eré orí tẹlifíṣàn. Bí wọ́n bá ní kó pe ẹ̀fọ́, ìlasa, ọbẹ̀ ewé ilá tí à ń jẹ n'Ígbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọn á ní, "Ará oko, tún un sọ!"

Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò ṣe ìyá ìbejì nínú fíìmù ńlá. Ó wù ú gan-an. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó tún pe ẹ̀fọ́ ní ìlasa. Olùdarí fò dìde: "Ẹni tó ń jẹ ìlasa ló ń bí ìbejì! Òun la mú!"

Wọ́n wo fíìmù náà dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri wa. Àwa méjèèjì la jọ máa ń nu eruku ara rẹ̀; èmi nìkan ni mo nù ún láàárọ̀ yìí.