Ọ̀lẹ Kọ́ Ni Ṣúmekà

Ògiri kan ló pààlà láàárín ìsọ̀ tí mo ti ń dìrun àti ìsọ̀ Ṣúmekà. Ọkùnrin náà kì í yára gbéra. Tó bá gbé àpò bàtà dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ jókòó, á máa fọwọ́ ra itan. Lẹ́yìn ìyẹn, á ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Alápámáṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé wọn láti kékeré. Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá wọn. Òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé pósí. Kí wọ́n tó dé ibojì, apá rẹ̀ gan, pósí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbì. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò yà kí i mọ́. Ó ń dá sè, ó ń dá jẹ, ó ń dá bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìdí ògiri, ó sì máa ń dùn mí.

Ọdún yìí ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rídìí ọ̀rọ̀. Ó ní èròjà kan wà nínú iṣan èèyàn tó ń tú ṣúgà tó wà nípamọ́ síbẹ̀ kó lè di agbára. Ti Ṣúmekà ò ṣiṣẹ́ láti inú oyún. Ó jogún àbùkù kan lára bàbá, ó jogún ìkejì lára ìyá. Ara àwọn méjèèjì sì le koko, torí ẹyọ kan ṣoṣo kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

Ó wọ aṣọ tó dáa, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà lọ láti ṣàlàyé, bóyá wọ́n á gbà á padà. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ní kó jókòó.

"Bàbá tí o jù sílẹ̀ lo tún ń pè ní alábùkù?"

Nígbà tó padà dé tó ròyìn fún mi, mo ní kó jẹ́ kí n lọ sọ tẹnu mi fún ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Onídìrí."

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló ń fọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ẹbí, títí ó fi détí àbúrò wọn obìnrin. Lánàá, àbúrò yìí pe Ṣúmekà. Mo mú bàtà tó já lọ síbẹ̀ ni, fóònù rẹ̀ sì máa ń pariwo, kò sóhun tí mi ò gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ibiṣẹ́ wa láìdúró. Itan mi á gan. Ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí."

"Má fipá gùn ún. Jókòó. Tó bá ti rọ̀, rọra dìde, á rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí ìtọ̀ rẹ bá dúdú, sáré lọ sílé ìwòsàn. Àbí, má sáré o. Wọkọ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí Ṣúmekà gbé fóònù sílẹ̀, kò lè wò mí lójú.

"Àìsàn yìí wà lára àbúrò mi, Ìyá Onídìrí," ó ní, "inú mi sì ń dùn. Ṣé èèyàn burúkú ni mí?"